Sítáńdì Tó Wá Láti Ilé Skillicorn

Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa, kó wọkọ̀ ojú omi kó wá sí Erékùṣù Man. Kó dé Sulby, kó béèrè ilé Illiam Kinvig. Wọ́n á júwe rẹ̀ fún un. Illiam ò ní lé e. Á po tíì fún un, á gé búrẹ́dì, á fi bọ́tà pa á. Lẹ́yìn náà á dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, kí àlejò náà tẹ́tí sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi ti tẹ́tí níbẹ̀ rí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní la ẹnu mi.

Illiam ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tọ́rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì ni ní Ramsey kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, Voirrey lorúkọ rẹ̀. Voirrey ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, láti ìdájí títí di ọ̀sán. Láti ọ̀sán lọ, alùpùpù ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Kò ga, àmọ́ apá rẹ̀ le bí apá alágbẹ̀dẹ. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń wá àyè nínú eré ìje tí wọ́n ń fi alùpùpù sá lórí òkè níbẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n gbà á.

Inú bàbá rẹ̀ ò dùn sí i. Kò sì sọ pé kó má lọ. Ní erékùṣù yẹn, ẹni tó bá ní kọ́mọ òun má gun alùpùpù, bí ẹni tó ń sọ fọ́mọ apẹja pé kó má fẹsẹ̀ kan omi ni.

Alùpùpù tí wọ́n fi ń sáré ìje kì í ní sítáńdì lára. Béèyàn bá fẹ́ pa òróró sí ṣéènì, tàbí kó pààrọ̀ táyà, àfi kó wá sítáńdì ẹ̀yìn. Irin ni, ó ní apá méjì lókè, ó ní ẹsẹ̀ róbótó kéékèèké nílẹ̀, ó sì ní ọwọ́ gígùn kan tí wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n á tì í wọ abẹ́ ẹ̀yìn alùpùpù, wọ́n á tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn á sì gbéra nílẹ̀, á máa yí láàárín afẹ́fẹ́. Èyí tí Illiam ní ti gbó. Ní Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, irin rẹ̀ ká lójijì, alùpùpù sì ya lu ògiri. Díẹ̀ ló kù kó bọ́ lé Illiam lẹ́sẹ̀.

"Dádì, ẹ yọ ẹsẹ̀ yín!" Voirrey ké. "Àbí ẹ ní òmíràn lápò ni?"

"Ẹsẹ̀ mi kọ́ ló ń dùn mí. Àwọ̀ ara máṣíìnì ló ha."

"Ẹ ẹ̀ tiẹ̀ béèrè èmi tó ni máṣíìnì."

"Ìwọ lo di í mú tó fi ṣubú."

Ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n wa ọkọ̀ lọ sí Douglas láti lọ ra tuntun. Gbogbo ìsọ̀ ló ti tà tán, nítorí àwọn sárésáré ti ń wọ̀lú. Méjì péré ló kù. Orí èkíní tẹ́jú, rọ́bà pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bò ó, kí irin tó di táyà ẹ̀yìn mú lè jókòó lé e. Illiam wò ó, ó mi orí. Irin ti máṣíìnì Voirrey dàgẹ̀rẹ̀. Á yọ̀ lórí rọ́bà yẹn bí ẹsẹ̀ tó tẹ ọṣẹ. Èkejì ní ìkọ́ méjì, irú èyí tí wọ́n nílò gan-an, tó ń kọ́ kókó irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Illiam fi àtàǹpàkò tẹ ara rẹ̀. Ó dà bí agolo.

"Èyí máa ká kí ẹni tó rà á tó délé," ó wí.

"Àwọn tó dáa wà nínú ọkọ̀ ojú omi," ẹni tó ń tajà dáhùn. "Atẹ́gùn ò jẹ́ kó ṣí kúrò ní èbúté Heysham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì."

Wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo. Stanley Quirk ló bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ Illiam ni láti kékeré. Bọ́ọ̀sì tí Illiam ń tún ṣe ni Stanley ń wà.

"Ẹ ẹ̀ rí rà?" Stanley ní. "Sítáńdì Edwin Skillicorn wà ní Ballaugh. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi jó o. Irin gidi. Kò sẹ́ni tó lò ó láti ìgbà tó ti lọ."

"Kí ló ń ṣe opó rẹ̀ tí kò tà á?"

"Ta ló béèrè? Gbogbo ayé ló ń wá tuntun."

Mona Skillicorn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó mú wọn dé ẹnu ṣẹ́ẹ̀dì, kò wọlé. Ó kàn nawọ́ síbẹ̀. Sítáńdì náà wà láàárín ilẹ̀, òun nìkan. Wọn ò kó nǹkan kan tì í, kò sí aláǹtakùn lára rẹ̀. Àga kan wà níwájú rẹ̀, àga ìdáná, ó kọjú sí i.

Illiam gbé e yẹ̀ wò. Ó wúwo. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ dán bí ojú àpá tó ti jinná. Ó wọn àárín ìkọ́ méjèèjì pẹ̀lú ìka ọwọ́. Ó ṣe rẹ́gí.

"Mama, èló la máa san?"

"Ẹ ẹ̀ ní san nǹkan kan. Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Ọmọ mi yìí ni."

Ìyá àgbà náà wo Voirrey láti òkè délẹ̀. Ó pẹ́ tó fi wò ó.

"Ó dáa," ó ní. Ó yí padà, ó wọlé lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Voirrey dúró lápá òsì, ó di ọwọ́ máṣíìnì mú, ó tẹ bíréèkì iwájú, kó má bàa yí kúrò lójú kan. Illiam bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Ó ti sítáńdì wọlé, ó fi ìkọ́ méjèèjì kọ́ kókó irin, ọ̀tún, òsì. Ó di ìjókòó mú. Ó gbé ẹsẹ̀, ó fẹ́ tẹ̀.

Máṣíìnì gbéra. Kò dún rárá. Ó gòkè wọ̀ọ̀, bí ìgbà téèyàn gbé apẹ̀rẹ̀ tó kún fún ìyẹ́.

"Ẹ rọra o, alágbára!" Voirrey rẹ́rìn-ín.

"Èmi kọ́."

"Ta ni, nígbà tí kì í ṣe ẹ̀yin?"

Ẹsẹ̀ Illiam ṣì wà lókè. "Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́," ó wí.

Voirrey tún rẹ́rìn-ín. Ó rò pé bàbá òun ń ṣàwàdà ni. Illiam náà wá bá a rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì, bí aago mẹ́rin ṣe lù lọ́sàn-án, Illiam wọ ṣẹ́ẹ̀dì lọ mú ìkòkò ọ̀dà. Táyà ẹ̀yìn ń yí. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ sí iwájú. Ṣéènì ń dún: tíkì, tíkì, tíkì. Illiam dúró. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tutù. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dá táyà náà dúró. Ó tutù. Nígbà tó wo ọwọ́ rẹ̀, omi ló rí. Òjò ò sì tíì rọ̀ ní Sulby láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ kẹta, ẹrẹ̀ wà lára táyà, ẹrẹ̀ dúdú orí òkè. Irun àgùntàn kan há sínú ṣéènì.

"O gbé máṣíìnì jáde," ó wí fún Voirrey nídìí oúnjẹ.

"Ìgbà wo? Ibi iṣẹ́ ni mò ń wà dìrọ̀lẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, mi ò gùn ún. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ rèé." Ó yọ ọ́ lápò, ó mì í lójú bàbá rẹ̀.

"Táyà rẹ ń yí fúnra rẹ̀."

"Onírù-gígùn ló ń sáré nínú ẹ̀," Voirrey ní. Eku ló ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ eku ní erékùṣù yẹn, tọmọdé tàgbà. "Ẹ bá mi gba onírù-gígùn yẹn níyànjú. Ẹ ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ fún eré ìje."

Illiam ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ wo aago tó ń ka máìlì lára máṣíìnì. Ó fi ẹfun kọ iye rẹ̀ sára ògiri. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó lọ wò ó. Máìlì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi lé sí i. Ó tún kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò dín, kò lé.

Máìlì mẹ́tàdínlógójì ni ọ̀nà ìje náà kó tó yí erékùṣù po padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Illiam mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ìyàrá ara rẹ̀. Béèyàn bá ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ ní Douglas, á ti kọjá Sulby, á ti kọjá Ramsey, á ti máa gun òkè. Kò sí ilé níbẹ̀. Wáyà ọgbà lọ́tùn-ún, wáyà ọgbà lósì, àgùntàn, atẹ́gùn. Ohunkóhun tó ń lọ lórí sítáńdì yìí ń débẹ̀ lójoojúmọ́. Kò kọjá ibẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Sátidé, Illiam gbé àpótí sí kọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀dì, ó jókòó lé e láti aago mẹ́ta. Kùrukùru ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó bo pápá, ó bo ọgbà, ó dé ojú fèrèsé. Ẹyẹ dákẹ́. Ó gbọ́ tí aago ilé ìjọsìn lù mẹ́rin.

Tíkì.

Táyà náà mì. Ó yí díẹ̀, ó dúró. Ó tún yí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń yára sí i, títí irin inú rẹ̀ fi di àwọ̀ eérú kan ṣoṣo tó ń tàn. Ṣéènì ò dún tíkì mọ́. Ó ń kùn. Ẹ́ńjìnnì ò sọ nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ tútù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ara táyà náà wá, ó ń gbé òórùn koríko tútù àti òórùn rọ́bà gbígbóná.

Illiam wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìka méjì ló wà láàárín táyà àti ilẹ̀ símẹ́ǹtì. Afẹ́fẹ́ lásán. Bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ táyà náà tẹ́. Ó tẹ́ bí táyà ṣe ń tẹ́ nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, tó ń tẹ ojú títì. Òkúta wẹ́wẹ́ ń ta láti abẹ́ rẹ̀, ó ń ba ògiri: pá, pá.

Kò mọ bó ṣe jókòó pẹ́ tó. Lójijì ó dúró. Kò rọra falẹ̀ bí táyà ṣe ń ṣe. Ó kàn dúró ni. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, Illiam gbọ́ mímí kan. Ó rò pé tòun ni. Ó sé èémí. Mímí náà ò dáwọ́ dúró.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Voirrey lálẹ́ ọjọ́ náà. Voirrey gbọ́ ọ dópin. Kò fi ṣẹ̀sín lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ bàbá rẹ̀.

"Dádì. Ẹ̀rù ń bà yín nítorí mi ni."

"Wá bá mi wò ó lọ́la."

Ó wá. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àpótí, wọ́n jọ ń mu tíì. Aago mẹ́rin lù. Aago márùn-ún lù. Táyà náà ò mira. Voirrey fẹnu ko bàbá rẹ̀ lórí, ó kó ife méjèèjì, ó wọlé.

Aago mẹ́wàá alẹ́, Illiam nìkan gbé máṣíìnì náà kalẹ̀. Ó fi í ti ògiri. Ó wọ́ sítáńdì lọ sẹ́yìn ọgbà, ó tì í sábẹ́ ewé iná, ó fi páànù ìpẹtà bò ó. Ohun tó dé ọkàn rẹ̀ ni pé kó gbé e padà fún opó Skillicorn, ṣùgbọ́n ojú tì í. Kí ló máa wí? Ó ní òun á ra tuntun bí ọkọ̀ ojú omi bá dé.

Ọkọ̀ ojú omi dé lọ́jọ́ Túsìdeè. Wọ́n pè é láti ìsọ̀ ní Douglas. Ó wakọ̀ lọ, ó yan èyí tó dára jù: irin rẹ̀ nípọn, ìkọ́ rẹ̀ ṣeé sún, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin dípò méjì. Ó tẹ̀ ẹ́, kò mì. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń kọrin nínú ọkọ̀ padà bọ̀ wálé. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ kọrin.

Ó délé ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kùrukùru ti bo òkè. Ìwé kan wà lórí tábìlì, lábẹ́ ife.

"Dádì, mo rí sítáńdì tí ẹ lọ sin. Aláwàdà ni yín. Mo ti fi pààrọ̀ táyà, ó yá ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fẹ́ lọ dán táyà náà wò lórí òkè, mi ò ní pẹ́. Ẹ gbé omi tíì kaná."

Ó pè é lórí fóònù. Fóònù náà dún nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Illiam sáré jáde. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń wo apá Ramsey. Kò sí nǹkan kan. Funfun ni gbogbo rẹ̀. Ó ronú pé kóun wọkọ̀ kóun tẹ̀ lé e. Ó ronú pé bóun bá lọ, àwọn á kọjá ara wọn nínú kùrukùru. Ó padà, ó tún jáde. Ó gbé omi kaná, nítorí pé Voirrey ní kóun gbé e kaná.

Aago mẹ́rin lù.

Ó gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ṣéènì. Tíkì, tíkì, nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Ó ti dé! Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé, ó ṣílẹ̀kùn.

"Voirrey! Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí!"

Sítáńdì náà wà láàárín ilẹ̀. Kò sí máṣíìnì lórí rẹ̀.

Ìró ṣéènì ń bọ̀ láti òkè ìkọ́ méjèèjì, níbi tí kò sí ohunkóhun. Ó ń yára sí i. Rọ́bà tó wà nínú ìkọ́ ti tẹ́ pẹlẹbẹ. Illiam di ọwọ́ sítáńdì náà mú, ó fẹ́ gbé e sókè. Kò gbé. Ó wúwo bí ìgbà tí máṣíìnì àti ẹni tó gùn ún bá jọ wà lórí rẹ̀. Ó fi ìka kan sáàárín ìkọ́ méjèèjì. Atẹ́gùn gbá ìka rẹ̀. Ohun kan gbóná, ó ń sáré, ó kan án lórí ìka, ó gbá a sẹ́yìn. Nígbà tó wò ó, èékánná rẹ̀ ti ya, ojú ìka rẹ̀ sì dúdú fún rọ́bà.

Ó jókòó sílẹ̀ símẹ́ǹtì. Ìró náà lọ títí. Lẹ́yìn náà ó dúró lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n fi àdá gé okùn.

Darandaran kan, Crellin lorúkọ rẹ̀, wà lẹ́nu géètì ọgbà rẹ̀ lórí òkè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò jìnnà sí máìlì kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ó rí Voirrey tó kọjá, ó tiẹ̀ juwọ́ sí i. Ọkùnrin kan ń tún ògiri òkúta ṣe níwájú, kò ju máìlì méjì lọ. Ó ń retí alùpùpù tó ń gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè. Ó ní ìró náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò dé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kò sí ojú táyà tó yọ̀ lójú títì. Kò sí wáyà tó já. Ọlọ́pàá wá, àwọn ará abúlé wá, wọ́n kó ajá wá. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wá a. Wọ́n rí àṣíborí ẹlòmíì tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, koríko ti hù nínú rẹ̀. Wọn ò rí Voirrey. Wọn ò rí irin kan lára máṣíìnì rẹ̀.

Illiam ò sọ ọ̀rọ̀ sítáńdì fún ọlọ́pàá. Stanley nìkan ló sọ fún. Stanley ní kó jẹ́ káwọn jọ wò ó. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀dì kí aago mẹ́rin tó lù.

"Àárẹ̀ ló mú ọ, Illiam. O ò sùn. Ẹni tí kò bá sùn, etí ẹ̀ á máa—"

Tíkì.

Stanley dúró gbọ́ ọ. Nígbà tó yá ó ṣí fìlà lórí, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi ìsìnkú. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu géètì ni Stanley ń dúró sí. Á gbé ẹja gbígbẹ àti ọ̀dùnkún lé orí ògiri, á béèrè àlàáfíà, á máa lọ.

Lẹ́yìn oṣù kan, Illiam wakọ̀ lọ sí Ballaugh. Ó ti kó ọ̀rọ̀ jọ láti ilé, ọ̀rọ̀ líle, èyí téèyàn ò gbọdọ̀ sọ sí àgbà. Mona Skillicorn ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ojú rẹ̀, kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Ṣé ó ń dún?" ìyá náà bi í.

Gbogbo ọ̀rọ̀ líle náà bọ́ lẹ́nu Illiam. "Ó ń dún, Mama."

"Lójoojúmọ́?"

"Aago mẹ́rin."

Ìyá náà rọra jókòó. "Tọkọ mi fi ọdún mọ́kànlélógún dún. Edwin ní òun ń lọ sí Douglas, òun á gba orí òkè lọ, òun á padà wá jẹun. Mo máa ń gbé àga lọ jókòó tì í. Mo máa ń ròyìn ilé fún un. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kò dún. Mo dúró ọdún mẹ́jọ, kò dún. Mo rò pé irin lásán ló kù. Illiam, ọmọ mi, bí mo bá mọ̀, ǹ bá ti jù ú sókun."

"Kí ni, Mama? Ibo ni wọ́n wà?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé wọ́n ń bọ̀ ni, àbí wọ́n ń lọ?"

"Ìyẹn ni mo fi ọdún mọ́kànlélógún bi í."

Illiam bojú. "Ọjọ́ tó dákẹ́ ńkọ́? Ṣé ara tù yín?"

Ìyá náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà.

"Ọjọ́ tó dákẹ́ ni mo wọ aṣọ ọ̀fọ̀," ó ní.

Ọdún mẹ́rin rèé. Mona Skillicorn ti kú. Illiam ò ju sítáńdì náà sókun, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbé nǹkan lé e. Ó ti fi bíríkì dí fèrèsé ṣẹ́ẹ̀dì, kí ariwo ìta má bàa wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ gbogbo, bó bá kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, á ní kí àlejò jọ̀ọ́, òun fẹ́ bójú tó nǹkan kan.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ó gbà kí n bá òun wọlé. Òkùnkùn ni, ó tutù. Mo dúró ti ògiri. Aago lù. Tíkì. Mo retí èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ka oókan, mo ka eéjì, mo ka ẹẹ́ta. Tíkì. Illiam ní lọ́dún tó kọjá èèyàn ò lè ka oókan kí òmíràn tó dún.

"Ó ń falẹ̀," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ohun náà gbọ́.

Mo tún ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Mo rí i tó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sáàárín ìkọ́ méjì náà. Ó fà á wá síwájú, bí ẹni tó fẹ́ bá Voirrey yí táyà kó lè tún yára. Ọwọ́ rẹ̀ gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Kò kan nǹkan kan. Ó tún nà án.